Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu Ìlù: Àyàn Ẹ̀jìgbò ní Abidjan

Bí ọkọ̀ Abidjan bá fẹ́ gbéra ní Ẹ̀jìgbò, orí ọkọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ kún. Gààrí ń bẹ níbẹ̀, èlùbọ́ ń bẹ níbẹ̀, irú ń bẹ nínú ọ̀rá tí wọ́n ta ní kókó mẹ́ta kí òórùn rẹ̀ má baà dá ìjà sílẹ̀ láàárín èrò. Agbèrò á máa ju gbogbo rẹ̀ sókè. Ṣùgbọ́n bí àyàn, onílù ìdílé, bá wà nínú àwọn tó ń lọ, ẹrù kan wà tí kò ní jẹ́ kí agbèrò fọwọ́ kàn. Aṣọ àlòkù ló fi wé e, orí itan ló gbé e lé, bí ìyá ọlọ́mọ tuntun. Ibẹ̀ ni ìlù náà yóò wà títí ọkọ̀ yóò fi la Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti Gánà já: Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao, Elubo, kí wọ́n tó bọ́ sí Noé, níbi tí ilẹ̀ Ivory Coast ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà náà lé ní 1,000 kìlómítà. Ní ẹnubodè kọ̀ọ̀kan, wọn yóò ní kó tú aṣọ náà, yóò tú u, yóò sì tún un wé.

Mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tí ọkùnrin yìí gbé sórí itan, bí wọ́n ṣe ń ṣe é, àti ohun kan tó jẹ mọ́ ọn tí kò ṣeé gbé sórí itan rárá.

Ẹni tí kò bá mọ Ẹ̀jìgbò lè béèrè pé kí ló pa ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun pọ̀ mọ́ Abidjan. Kó lọ sọ́jà Ẹ̀jìgbò, kó dẹ etí sílẹ̀. Láàárín Yorùbá tí wọ́n ń sọ, yóò gbọ́ Faransé, pàápàá lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí sọ́hùn-ún. Owó sẹ́fà kì í ṣe àjèjì níbẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún tí àwọn ará Ẹ̀jìgbò, Masífà, Ifẹ̀-Ọ̀dàn, àti àwọn aládùúgbò wọn láti Ògbómọ̀ṣọ́, ti ń tọ ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn lọ ṣòwò. Faransé bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà rélùwéè Abidjan ní 1904. Wọ́n sọ ibẹ̀ di olú-ìlú ní 1934. Ní 1950 ni wọ́n la ojú omi Vridi já sínú òkun kí ọkọ̀ ńláńlá lè wọlé. Ibi tí iṣẹ́ bá ti ń lọ ni owó ń wà, ibi tí owó bá sì wà, ẹ ò ní wá Yorùbá tì. Nígbà tí ìjọba Busia ní Gánà wá lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá tú ká níbẹ̀. Ilẹ̀kùn Gánà tì, ti Ivory Coast ṣì wà ní ṣíṣí. Anango ni àwọn ọmọ onílẹ̀ ń pè wá lọ́hùn-ún.

Oníṣòwò ló ṣáájú, àyàn ló tẹ̀ lé e. Ibi tí Yorùbá bá ti pé mẹ́wàá, ìkómọ kò ní pẹ́ wáyé. Lẹ́yìn ìkómọ ni ìgbéyàwó, lẹ́yìn ìgbéyàwó ni òkú àgbà. Ta ni yóò wá dúró níwájú ìyá ọkọ, tí yóò sọ ilé tó ti wá fún gbogbo èrò? Rẹ́kọ́ọ̀dù lè kọrin, àmọ́ kò mọ ọmọ ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tú aṣọ ara ìlù yẹn wò fúnra wa.

Dùndún ni. Ara igi rẹ̀ dà bí odó kékeré méjì tí wọ́n fi ìdí kan ara wọn: ẹnu fẹ̀ lókè, ẹnu fẹ̀ nísàlẹ̀, ìbàdí tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín. Igi ọ̀mọ̀ ni wọ́n fẹ́ràn jù fún un, àwọn mìíràn a máa lo apá. Àwọn àgbà àyàn máa ń sọ pé igi tó bá hù sí ẹ̀bá ọ̀nà ló dára jù fún ìlù, nítorí pé ó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn láti kékeré. Ẹni tó bá fẹ́ lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Èmi kì í fi rẹ́rìn-ín mọ́, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Nígbà tí igi ṣì tútù ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ, torí igi tútù kì í bá irin jà. Agbẹ́lù á fi àáké sán ìta rẹ̀ títí ìbàdí yóò fi yọ, á wá máa gbẹ́ inú rẹ̀ láti ẹnu méjèèjì títí ihò òkè àti ihò ìsàlẹ̀ yóò fi pàdé. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Ara igi gbọ́dọ̀ dọ́gba yí ká. Bó bá nípọn jù, ohùn rẹ̀ á di. Bó bá fẹ́lẹ́ níbì kan, ibẹ̀ ni yóò ti là nígbà tó bá ń gbẹ. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sá a sóòrùn. Ibòji ni wọ́n ń gbé e sí, kó fi sùúrù gbẹ.

Awọ ewúrẹ́ ni ojú rẹ̀ méjèèjì. Wọ́n á rẹ awọ náà sínú omi, wọ́n á fá irun rẹ̀ dànù, wọ́n á nà án mọ́ òrùka tó yí ẹnu ìlù ká. Ti ìyáàlù gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kó sì lágbára, nítorí òun ló ń sọ̀rọ̀ jù. Láti òrùka òkè dé òrùka ìsàlẹ̀ ni ọsán wà. Ọsán ni àwọn okùn awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó tò yí ìlù ká bí òjò tó ń rọ̀ lórí páànù. Àyàn á fi àgbékọ́ gbé ìlù kọ́ èjìká òsì, á kó ọsán sábẹ́ ìka ọwọ́ òsì, á di kọ̀ǹgọ́ tó tẹ̀ bí ọrùn lékeléke mú lọ́wọ́ ọ̀tún. Bó bá fún ọsán pọ̀, ojú ìlù á le, ohùn á gòkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀. Ṣaworo tó yí ojú ìyáàlù ká á máa dún tẹ̀ lé e. Àwọn yòókù á wá gbè é lẹ́sẹ̀: kẹríkẹrì, ìsáájú, àti gúdúgúdú olójú kan tí wọ́n fi ìda lẹ̀ láàárín, tí wọ́n fi awọ lílọ́ méjì ń lù.

Ṣé gbogbo èyí ṣeé ṣe ní Abidjan? Ó ṣeé ṣe dáadáa. Igi ọ̀mọ̀ wa yìí náà ni àwọn Akan, tí ilẹ̀ wọn wà ní Gánà àti Ivory Coast, ń pè ní tweneboa, òun náà ni wọ́n fi ń gbẹ́ atumpan, ìlù onípò méjì tó ń sọ̀rọ̀ láàfin wọn. Nígbà tí àyàn bá ti ọ̀dọ̀ wa dé ọ̀dọ̀ wọn, orúkọ ni igi pààrọ̀, ara rẹ̀ kò yí padà. Ewúrẹ́ kò sì wọ́n ní ìlú tí mùsùlùmí pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀.

Afẹ́fẹ́ nìkan ló ń bá a fa wàhálà. Ọ̀sà Ébrié yí Abidjan po, òkun sì wà nítòsí. Ọ̀rinrin kì í jìnnà síbẹ̀. Awọ tó le koko ní Ẹ̀jìgbò ní àkókò ọyẹ́ lè rọ jọ̀bọ̀tọ̀ lọ́hùn-ún láàárín òru kan. Àyàn tó bá ní òde ní ọjọ́ Sátidé kì í dúró di àárọ̀ kó tó wo ojú ìlù rẹ̀. Á gbé e sójú oòrùn díẹ̀, tàbí kó dá iná díẹ̀ kó sì yí ojú rẹ̀ sí i lókèèrè. Á fi àtàńpàkò tẹ awọ náà, á lù ú lẹ́ẹ̀kan, á dẹ etí, á yí ojú kejì padà. Ohun tó ń retí kì í ṣe ariwo. Ó ń retí kí ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ jìnnà síra tó, kí ohùn àárín lè rí ibi jókòó sí. Bí ohùn mẹ́ta yìí kò bá pé, ìlù ti ya odi.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ gan-an.

Ìlù kò ní ètè, kò ní eyín, kò ní ahọ́n. Kò lè pe “b”, kò lè pe “k”. Dò, re, mí tí a fi ń sọ Yorùbá nìkan ló wà níkàáwọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó: Adéwálé jẹ́ re-mí-mí-mí. Adékúnlé ńkọ́? Re-mí-mí-mí. Adébísí náà, bákan náà. Bí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá jókòó sábẹ́ àtíbàbà kan ṣoṣo tí ìlù dún, ta ni ó pè? Ẹ ó ní kí àyàn fi oríkì àbísọ kún un. Ó dáa. Àjàní jẹ́ dò-dò-mí. Àkànní, dò-dò-mí. Àlàbí, dò-dò-mí. Àyìnlá, dò-dò-mí. Àwọn obìnrin wa ńkọ́? Àbẹ̀kẹ́, Àṣàkẹ́, Àdùkẹ́, Àmọ̀kẹ́: dò-dò-mí ni gbogbo wọn.

Kí wá ni àyàn ń ṣe? Ó ń wọ inú oríkì orílẹ̀ lọ. Á bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn gígùn tó jẹ́ ti ilé kan, tó ní ibi tó ti ń gòkè àti ibi tó ti ń sọ̀ kalẹ̀ tí kò jọ ti ilé kejì. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti ìgbà tó wà lórí ẹ̀yìn kò ní jẹ́ kí gbólóhùn náà parí tí orí rẹ̀ yóò fi wú. Ìlù sọ ìdajì, òun ló fi ìdajì tó kù sí i. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Bí dùndún ṣe ń ṣiṣẹ́ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ọwọ́ àyàn ni ààbọ̀ wà, etí olùgbọ́ ni ààbọ̀ kejì wà. Àyàn lè gbé ti ọwọ́ rẹ̀ sórí itan lọ sí Abidjan, àmọ́ etí kò ṣeé fi aṣọ wé.

Ẹ wo bí ó ṣe ń rí lóde. Bàbá ọmọ pe àwọn aládùúgbò àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ síbi ìkómọ ní Adjamé, àdúgbò kan ní Abidjan. Àlejò Baoulé kan wọlé, Kouassi lórúkọ rẹ̀. Àyàn tó gbọ́n á wá ohùn Yorùbá kan fún Kouassi, á lọ dúró níwájú rẹ̀, á fi ìlù kí i. Àlejò á rẹ́rìn-ín, á dìde, á lẹ owó sẹ́fà mọ́ ọn níwájú orí. Inú gbogbo ènìyàn á dùn. Síbẹ̀ àyàn mọ̀ pé òun kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Owó wọlé, ọ̀rọ̀ kò wọlé. Ti àlejò kò burú. Onílẹ̀ ni, ó ní èdè tirẹ̀. Èyí tó máa ń dun àyàn ni kó lọ síwájú ọmọ Ẹ̀jìgbò tí wọ́n bí sí Abidjan, kó fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ kì í, kí ọmọ náà náwó fún un, kó jó, kó sì wo ojú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí Kouassi ṣe wò ó.

Ọmọ àyàn fúnra rẹ̀ kò bọ́ lọ́wọ́ èyí. Nílé, kò sẹ́ni tó ń fi pátákó kọ́ ọmọ ní ìlù. Ọmọ á kọ́kọ́ máa bá bàbá rẹ̀ gbé ìlù. Á gba gúdúgúdú tàbí ìlù kékeré kan, á máa lu gbólóhùn kan ṣoṣo láti àárọ̀ dalẹ́ láìgbọ́dọ̀ yẹsẹ̀. Bó bá ti mọ ìdúró, á bọ́ sí ìsáájú. Ó lè di géńdé kí wọ́n tó fi ìyáàlù lé e lọ́wọ́. Ní gbogbo àsìkò yẹn ló ń gbọ́ oríkì lọ́tùn-ún lósì, nítorí ojoojúmọ́ ni ẹnìkan ń bímọ, tí ẹnìkan ń joyè, tí ẹnìkan ń re àjò. Ní Abidjan, Faransé ni ilé ìwé, Jùlá ni ọjà àti àdúgbò, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan sì ni òde. Ọwọ́ ọmọ lè yá bí ẹsẹ̀ ehoro. Bí kò bá mọ̀ pé ohùn “ọkọ” yàtọ̀ sí ti “ọkọ̀”, ìlù lásán ló ń lù.

Nítorí náà, àyàn tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ ìran òun má kú lọ́hùn-ún máa ń yí ètò padà. Ẹnu á ṣáájú ọwọ́. Ọmọ á kọ́kọ́ fi ẹnu sọ gbólóhùn náà ketekete, á tún fi imú kùn ún láìsí ọ̀rọ̀, kí ohùn nìkan ṣẹ́kù, ìgbà náà ni wọn yóò tó fún un ní kọ̀ǹgọ́. Bí ìlù bá ti wà lọ́wọ́, kò gbọ́dọ̀ dáhùn ní Faransé. Bí ìsinmi ilé ìwé bá sì dé, wọ́n á fi í sínú ọkọ̀, ó di Ẹ̀jìgbò, ó di ọ̀dọ̀ ìyá àgbà.

Ìyá àgbà yìí kò fọwọ́ kan ìlù rí. Síbẹ̀, bí ẹ bá bi mí pé ta ni olùkọ́ ìlù ní ilé àyàn, òun ni n ó nawọ́ sí. Òun ló ń fi oríkì jí ọmọ láàárọ̀. Òun ló ń fi oríkì dúpẹ́ nígbà tí ọmọ bá gbé omi wá, tó sì tún ń fi í bẹ̀ ẹ́ nígbà tó bá ń sunkún. Nígbà tí oṣù méjì bá fi pé, bí igi ẹ̀bá ọ̀nà tó ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn, ọmọ ti ní ohùn kan nínú tí bàbá rẹ̀ kò lè fi owó rà ní Abidjan. A máa ń pe ìlù ní iṣẹ́ ọkùnrin. Awọ àti igi jẹ́ ti ọkùnrin lóòótọ́. Ẹnu ìyá ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ti ń wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé mò ń dẹ́rù bani lásán, kó wo Kúbà. Ní nǹkan bí ọdún 1830, gẹ́gẹ́ bí Fernando Ortiz, onímọ̀ àṣà ọmọ Kúbà, ṣe kọ ọ́ sílẹ̀, ọmọ Yorùbá méjì tí wọ́n kó lẹ́rú, Añabí àti Atandá, gbẹ́ bàtá mímọ́ àkọ́kọ́ ní Havana. Añabí ni ẹnu ibẹ̀ fi ń pe orúkọ tí àwa ń pè ní Àyànbí. Wọn kò ní ìlù kankan lórí itan nígbà tí wọ́n dé. Ọwọ́ òfo ni, pẹ̀lú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà kò parun. Títí di òní, wọ́n ń pe ìlù ńlá níbẹ̀ ní iyá, wọ́n sì ń pe ẹ̀mí tó ń gbé inú rẹ̀ ní Añá, tí í ṣe Àyàn, ẹ̀mí ìlù, lọ́dọ̀ wa. Igi pé, awọ pé, ètùtù pé. Àwọn gbólóhùn ìlù tí a jogún ṣì ń dún níwájú òrìṣà. Àmọ́ Yorùbá kò sí lẹ́nu ọmọ ilé mọ́ gẹ́gẹ́ bí èdè àbínibí, onílù kò sì lè fi bàtá bá ẹni tó ń kọjá lọ ṣe àwàdà ọ̀sán yìí. Tiwọn tó láti yìn, nítorí ìyà tí wọ́n jẹ kí wọ́n tó pa èyí mọ́ kò kéré. Àwa tí a ní ọkọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ kò ní àwáwí.

Àwọn onílẹ̀ Abidjan gan-an mọ adùn ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn Ébrié ní ìlù kan tí wọ́n ń pè ní Djidji Ayôkwé, igi gbọọrọ tó gùn ju mítà mẹ́ta lọ, tó wúwo tó 430 kìlógíráàmù. Òun ni wọ́n fi ń ránṣẹ́ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n fi ń ta àwọn ènìyàn lólobó pé àwọn tó ń kó ni ṣiṣẹ́ tipátipá ti ń bọ̀. Faransé gbé e lọ ní 1916. Wọn kò gbé e nítorí ẹwà rẹ̀. Wọ́n gbé e nítorí pé ẹnìkan ń gbọ́ ohun tó ń sọ. Ní 2021, ààrẹ Faransé ṣèlérí pé wọn yóò dá a padà, ilé aṣòfin wọn sì fọwọ́ sí i ní 2025. Ìlù tó dákẹ́ nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé fún ohun tó lé ní àádọ́rùn-ún ọdún kò sọ ohùn nù. Àwọn tó ń gbọ́ ọ ni wọn kò sí nítòsí rẹ̀.

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Nígbà ọdún Ògìyán, nígbà tí iṣu tuntun bá jáde, àwọn ará Abidjan a máa wálé, ọmọ àyàn á sì wà láàárín wọn. Bó ṣe máa ń rí nìyí. Ọmọkùnrin tó dàgbà sí Treichville ní Abidjan á gbé gángan kọ́ apá, á rí ìyá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá kọjá lọ, á bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ìyá á dúró. Á gbọ́ gbólóhùn kìíní, á gbọ́ ìkejì, ojú rẹ̀ á le. “Ìwọ ọmọ yìí, o gbé mi lọ sílé onílé. Níbi tí o ti gòkè yẹn, ilẹ̀ ló yẹ kí o wá.” Á fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ka owó lé ọmọdé lọ́wọ́. Ọmọ á dẹ ọsán, á tún un lù. Ìyá kò ní sọ pé ó dáa. Á gbé ọ̀pá rẹ̀ fún ẹni tó wà nítòsí, á sì bẹ̀rẹ̀ ijó.